Mo fẹ́ gba ẹmọ́ òyìnbó méjì sílé: irú ilé wo ló yẹ wọ́n, kí ló sì yẹ kí wọ́n máa jẹ?

Àbẹ̀ní Ilé béèrè pé:

Ẹ kú ìjókòó, ẹ̀yin olólùfẹ́ ẹranko. Mo ti gbà láti mú ẹmọ́ òyìnbó méjì, èyí tí ọ̀pọ̀ ń pè ní guinea pig, lọ́wọ́ ìdílé kan tó ń kó lọ sí ibi tí wọn kò ti fàyè gba ẹran ọ̀sìn. Abo ni àwọn méjèèjì, ọmọ ìyá kan náà ni wọ́n, wọ́n sì ti lé ní ọmọ ọdún kan. Inú àwọn ọmọ mi ń dùn ṣìnkìn, ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé ọrùn mi ni iṣẹ́ náà yóò já lé, ìdí nìyẹn tí mo fi fẹ́ tún ibi tí wọn yóò máa gbé ṣe kí wọ́n tó dé ní ìparí oṣù.

Ohun tó ń kọ mí lóminú ni àwọn ẹrù tí wọ́n fẹ́ kó tẹ̀ lé wọn. Kéèjì wọn kò gùn ju 70 sẹ̀ǹtímítà lọ. Ó ní àjà kejì tí wọ́n ń gba orí àtẹ̀gùn tóóró kan gùn, wáyà lásán ni wọ́n fi ṣe ilẹ̀ àjà náà, ẹ̀rọ yíyí kan sì wà níbẹ̀ tí wọ́n ní kí wọ́n máa sáré nínú rẹ̀. Oúnjẹ wọn jẹ́ àdàlù hóró àgbàdo, hóró òdòdó oòrùn àti pẹ́lẹ́ẹ̀tì, ìyẹn oúnjẹ gbígbẹ tí ilé iṣẹ́ fi ẹ̀rọ ṣe ní wóróworó, àwòrán ehoro ló sì wà lára àpò rẹ̀. Wọ́n tún fún mi ní ìgò fítámì kékeré kan, wọ́n ní kí n máa kán an sínú omi mímu wọn lójoojúmọ́.

Mo fẹ́ mọ̀ bóyá kéèjì yìí gba ẹranko méjì, ohun tó yẹ kí n tẹ́ sílẹ̀ fún wọn, àti ohun tó yẹ kó jẹ́ oúnjẹ wọn gan-an. Bí ẹ bá lè sọ ìdí tí nǹkan fi rí bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú, n ó dúpẹ́, torí pé àwọn ọmọ mi kì í gba ọ̀rọ̀ tí a kò bá sọ ìdí rẹ̀ fún wọn.

Baba Ọlọ́sìn dáhùn pé:

Àbẹ̀ní, ẹ kú ìmúra. N kò ní fi ọ̀rọ̀ sábẹ́ ahọ́n sọ: kéèjì náà kéré jù. Fún ẹmọ́ òyìnbó méjì, ilẹ̀ pẹrẹsẹ tó gùn tó 120 sẹ̀ǹtímítà, tó sì fẹ̀ tó 60, ni ó kéré jù tí mo lè fọwọ́ sí. Bí àyè bá wà, ẹ jẹ́ kó gùn tó 150. Ẹ má ka àjà kejì mọ́ ọn. Ẹranko ilẹ̀ ni wọ́n, wọn kì í gun òkè, wọn kì í sì í fò jìnnà. Ẹsẹ̀ wọn kúrú, ara wọn sì wúwo, nítorí pé àgbà kan lè wọn láti 700 gíráàmù dé 1,200, nítorí náà bí wọ́n bá já bọ́ láti ibi tí kò ga rárá lójú tiwa, eegun lè ṣẹ́. Ohun tí wọ́n ń fẹ́ ni ibi gbọọrọ tí wọ́n lè sáré gbà láti igun kan dé ìkejì. Nígbà tí inú wọn bá dùn, wọn a máa ta sókè lójijì, wọn a yí ara padà lófuurufú kí wọ́n tó balẹ̀, ẹ kò sì ní rí èyí láéláé nínú kéèjì tóóró.

Ẹ yọ ẹ̀rọ yíyí náà kúrò kí wọ́n tó dé. Eegun ẹ̀yìn wọn kì í tẹ̀ bíi ti àwọn eku kéékèèké tí wọ́n ṣe irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ fún, ẹsẹ̀ wọn sì lè há sínú rẹ̀. Ilẹ̀ wáyà náà kò dára. Àtẹ́lẹsẹ̀ wọn kò ní irun tí yóò dáàbò bò ó, wáyà a máa bó o díẹ̀díẹ̀, kòkòrò àrùn a gba ibẹ̀ wọlé, ẹsẹ̀ a wú, bí a kò bá sì tètè rí i, ó lè wọ inú eegun. Ìtọ́jú àìsàn yẹn máa ń pẹ́, ó sì ń dun ẹranko náà púpọ̀.

Ọ̀pọ̀ nínú wa kì í ra kéèjì rárá. Àwọn abala wáyà onígun mẹ́rin tí wọ́n ń so mọ́ra láti fi ṣe pẹpẹ ìkóǹkansí ni a fi ń ṣe ògiri, a ó sì tẹ́ pátákó oníke pẹrẹsẹ sí ìsàlẹ̀, a ó ṣẹ́ etí rẹ̀ sókè kí ìdọ̀tí má baà máa dà síta. Ẹ rí i dájú pé ihò wáyà náà kéré tó bẹ́ẹ̀ tí orí wọn kò fi lè há sínú rẹ̀. Ògiri tó ga tó 35 sẹ̀ǹtímítà tó, àfi bí ajá tàbí ológbò bá wà nínú ilé, nígbà náà ó gbọ́dọ̀ ní ìdérí.

Ohun tí àwọn ènìyàn sábà máa ń gbójú fò ni ibi ìsápamọ́sí. Láti ìpilẹ̀ṣẹ̀ wọn ní àwọn òkè Andes ní Gúúsù Amẹ́ríkà, ẹran tí ẹyẹ àti ẹranko mìíràn ń pa jẹ ni wọ́n, nítorí náà ọkàn wọn kì í balẹ̀ níbi gbalasa. Ẹ ṣe tirẹ̀ fún ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn, kí ó sì ní ẹnu ọ̀nà méjì, torí pé èyí tó lágbára nínú wọn lè dúró sẹ́nu ọ̀nà kan ṣoṣo kí ó sì há ìkejì mọ́nú ilé. Àpótí páálí tí ẹ gé ihò méjì sí lára ti tó. Ẹ kàn yọ téèpù àti irin wẹ́wẹ́ ara rẹ̀ kúrò, nítorí wọn yóò jẹ páálí náà díẹ̀díẹ̀. Ẹ gbé ìgò omi méjì kọ́ sí ibi méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, kí ẹ sì máa fi ìka ti bọ́ọ̀lù kékeré tó wà lẹ́nu rẹ̀ lójoojúmọ́, nítorí ìgò lè kún fún omi kí ẹnu rẹ̀ sì ti dí.

Ní ti ibi tí ẹ óò gbé e sí, inú ilé ni, níbi tí oòrùn kò ti ní ta sí wọn lára tààrà, tí atẹ́gùn líle kò sì ní máa fẹ́ lù wọ́n. Ìwọ̀n 18 sí 24 lórí òṣùwọ̀n Sẹ́síọ̀sì ló tù wọ́n lára jù. Bí ó bá ti kọjá 27, ooru lè dá wọn dùbúlẹ̀, nítorí pé wọn kì í làágùn bíi tiwa. Ẹ má sì fi ehoro sínú ilé kan náà pẹ̀lú wọn. Ehoro lè gbé kòkòrò kan sára tí kò pa á lára, ṣùgbọ́n tí ó ń dá àìsàn ẹ̀dọ̀fóró sílẹ̀ fún ẹmọ́ òyìnbó, ìpá ẹsẹ̀ rẹ̀ sì lágbára jù.

Ó dára tó jẹ́ pé méjì ni wọ́n. Ẹranko tó ń gbé ní agbo ni wọ́n, débi pé òfin tó ń dáàbò bo ẹranko ní Swítsàlandì láti ọdún 2008 kò gbà kí ènìyàn máa sin ẹyọ kan ní òun nìkan.

Atọ́jú Ẹranko dáhùn pé:

Baba ti sọ ti ilé tán, ẹ jẹ́ kí n sọ ti ẹnu, nítorí pé oúnjẹ ló ń gbé èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn ẹmọ́ òyìnbó wá sọ́dọ̀ àwa tí a ń ṣiṣẹ́ pẹ̀lú dókítà ẹranko.

Koríko gbígbẹ ni oúnjẹ wọn. Gbogbo ohun yòókù jẹ́ àfikún. Ó gbọ́dọ̀ wà níwájú wọn tọ̀sán-tòru láìní òdiwọ̀n, kí ó tó bí ìdá mẹ́rin nínú márùn-ún gbogbo ohun tí wọ́n ń jẹ. Ìdí àkọ́kọ́ ni eyín. Ogún eyín ni wọ́n ní, gbogbo rẹ̀ ló sì ń hù láìdáwọ́ dúró títí ọjọ́ ikú wọn, ti iwájú àti ti ẹ̀yìn. Nígbà tí wọ́n bá ń lọ koríko gígùn, ẹ̀rẹ̀kẹ́ wọn a máa lọ sọ́tùn-ún sósì, eyín òkè a máa ha ti ìsàlẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni gígùn wọn ṣe ń wà ní ìwọ̀n. Oúnjẹ rírọ̀ àti hóró kò lè ṣe iṣẹ́ yẹn. Eyín ẹ̀yìn tí kò bá rí nǹkan ha yóò gùn, yóò tẹ̀ sínú, yóò sì dà bí afárá bo ahọ́n mọ́lẹ̀, tí ẹranko náà yóò máa sún mọ́ oúnjẹ pẹ̀lú ebi ṣùgbọ́n tí kò ní lè gbé e mì. Ìdí kejì ni ìfun wọn, èyí tí kò gbọ́dọ̀ dúró. Okun inú koríko ló ń tì í ṣiṣẹ́, bí ó bá sì dúró, afẹ́fẹ́ a kún inú, ikú kì í sì í jìnnà.

Koríko timothy, orchard tàbí koríko pápá ni kí ẹ wá. Èyí tó dára máa ń ní àwọ̀ ewé díẹ̀, òórùn rẹ̀ máa ń dùn, kì í lẹ́bu, kì í sì í hu. Alfalfa, ewéko mìíràn tí wọ́n máa ń sá gbẹ tà bíi koríko, yàtọ̀: kálísíọ̀mù inú rẹ̀ pọ̀, ó yẹ èyí tí kò tíì pé oṣù mẹ́fà àti èyí tó lóyún, ṣùgbọ́n ó lè di òkúta sínú àpò ìtọ̀ àgbà bíi tiyín. Pòròpórò ọkà kì í ṣe koríko gbígbẹ, bó tilẹ̀ jọ ọ́ lójú. Kò ní agbára nínú, ẹnu rẹ̀ tó mú sì lè gún wọn lójú.

Ẹ má fún wọn ní àdàlù inú àpò yẹn títí lọ. Ọ̀rá hóró òdòdó oòrùn pọ̀ jù fún wọn, èèpo rẹ̀ lè há wọn lọ́fun, wọn yóò sì máa ṣa èyí tó dùn jẹ, wọn yóò fi èyí tó wúlò sílẹ̀. Pẹ́lẹ́ẹ̀tì ehoro kò sì ní fítámì C, ibẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ wà. Ara ẹmọ́ òyìnbó kò lè ṣe fítámì C fúnra rẹ̀, bíi tiwa ènìyàn, nítorí pé ẹ̀dọ̀ wọn kò ní èròjà kan tí àwọn ẹranko mìíràn fi ń sọ ṣúgà di fítámì náà. Ó ní láti máa wọlé láti ẹnu lójoojúmọ́, láti mìlígíráàmù 10 dé 30 fún kílò kọ̀ọ̀kan tí ẹranko náà wọn, kí ó sì jù bẹ́ẹ̀ lọ fún aláboyún. Èyí tí kò bá rí i tó, irun rẹ̀ a máa le gbágbá, oríkèé rẹ̀ a máa wú, a máa ké bí a bá gbé e, ẹ̀jẹ̀ lè máa jáde láti ìdí eyín rẹ̀, ọgbẹ́ rẹ̀ kì í sì í tètè san.

Ìgò tí wọ́n fún yín yẹn, ẹ gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Fítámì C kì í pẹ́ nínú omi. Ìmọ́lẹ̀ àti irin ẹnu ìgò a máa bà á jẹ́, ẹ kò sì ní mọ iye tó wọ ẹnu ẹnì kọ̀ọ̀kan wọn. Èyí tó burú jù ni pé ó ń yí adùn omi padà, àwọn kan a sì dín omi mímu kù nítorí rẹ̀. Ata bẹ́ẹ̀lì, ìyẹn ata ńlá tí kì í ta, ló rọrùn jù. Ègé pupa rẹ̀ tó wọn 20 gíráàmù ní nǹkan bí mìlígíráàmù 25 nínú, èyí sì tó ẹranko kan tó wọn kílò kan fún ọjọ́ kan. (Ẹ jọ̀wọ́, ẹ kìlọ̀ fún àwọn ọmọ pé ata tó ń ta kò sí nínú ọ̀rọ̀ yìí.)

Pẹ́lẹ́ẹ̀tì tí wọ́n ṣe fún ẹmọ́ òyìnbó gan-an ni kí ẹ rà, èyí tí gbogbo hóró rẹ̀ rí bákan náà, ṣíbí ìjẹun méjì fún ọ̀kọ̀ọ̀kan lójúmọ́ sì ti tó. Ẹ wo ọjọ́ tí wọ́n ṣe é lára àpò, nítorí fítámì C inú rẹ̀ ń lọ sílẹ̀ bó ṣe ń pẹ́. Ẹ gbìyànjú láti lò ó tán kí 90 ọjọ́ tó pé, kí ẹ sì tọ́jú rẹ̀ síbi tútù tí ìmọ́lẹ̀ kò dé.

Ewé àti ẹ̀fọ́ tútù tó kún ife kan fún ọ̀kọ̀ọ̀kan lójúmọ́ dára. Létíọ̀sì tí ewé rẹ̀ dúdú, kùkúḿbà àti ata bẹ́ẹ̀lì lè wà níbẹ̀ lemọ́lemọ́. Kárọ́ọ̀tì àti èso jẹ́ oúnjẹ ẹ̀ẹ̀kan lọ́gbọ̀n nítorí ṣúgà inú wọn. Ẹ má fún wọn ní pòtétò, àlùbọ́sà, aáyù, píà, ṣokoléètì, búrẹ́dì, wàrà tàbí ẹran.

Afínjú dáhùn pé:

Ẹnikẹ́ni kò tíì fẹ̀sọ̀ sọ ti ohun ìtẹ́lẹ̀. Ohun ìtẹ́lẹ̀ oníwèé tí wọ́n gé wẹ́wẹ́ ni mo fara mọ́: ó rọ̀, ó ń fa ìtọ̀ mu, kì í sì í ní òórùn tirẹ̀. Ẹ yàgò fún èérún igi sídà pátápátá àti ti páìnì tí wọn kò tíì fi iná gbẹ, nítorí pé òórùn dídùn tí àwa ń gbọ́ lára wọn jẹ́ òróró tó ń yọ ẹ̀dọ̀fóró ẹranko lẹ́nu. Ìyẹ̀ igi kíkúnná kò dára rárá, imú wọn ni gbogbo rẹ̀ ń wọ̀. Ẹ tẹ́ ohun ìtẹ́lẹ̀ oníwèé náà kí ó jìn tó 5 sẹ̀ǹtímítà, ẹ máa kó ibi tó tutù kúrò lójoojúmọ́, kí ẹ sì pààrọ̀ gbogbo rẹ̀ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀.

Baba Ọlọ́sìn dáhùn pé:

Afínjú, mo gbà pẹ̀lú yín lórí igi sídà, ṣùgbọ́n aṣọ fúlíìsì, ìyẹn aṣọ múlọ́múlọ́ tí wọ́n fi ń ṣe bùláńkẹ́ẹ̀tì, ni mo fẹ́ràn jù fún ẹni tó ní ẹ̀rọ ìfọṣọ. Ẹ ó tẹ́ aṣọ ìnura nípọn sísàlẹ̀ kó lè máa fa ìtọ̀, ẹ ó sì tẹ́ fúlíìsì lé e. Ẹ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ fọ fúlíìsì tuntun bí ìgbà mélòó kan, láìfi oògùn tó ń mú aṣọ rọ̀ sí i, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, omi yóò dúró lórí rẹ̀ ni kò ní wọlé. Ẹ ó máa gbá ìgbẹ́ kúrò lójoojúmọ́, ẹ ó sì fọ aṣọ náà ní ọjọ́ mẹ́ta sí mẹ́rin síra.

Ìdí tí mo fi yàn án ni pé ó jẹ́ kí n rí ìtọ̀ wọn. Lórí fúlíìsì tí àwọ̀ rẹ̀ mọ́lẹ̀, ẹ̀jẹ̀ kì í fara pa mọ́, bẹ́ẹ̀ ni èérún funfun bí ẹfun tó máa ń ṣẹ́ kù nígbà tí ìtọ̀ bá gbẹ. Díẹ̀ nínú funfun yẹn kò burú, ṣùgbọ́n bí ó bá nípọn tàbí tó rí bí iyanrìn lọ́wọ́, ọ̀rọ̀ kálísíọ̀mù ti bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Nínú ohun ìtẹ́lẹ̀ oníwèé, ó lè pẹ́ kí ẹ tó rí gbogbo èyí.

Afínjú dáhùn pé:

Mo gba ti ìtọ̀ yẹn. Síbẹ̀, ẹni tó ń fi ọwọ́ fọ aṣọ kò ní pẹ́ kó tó rẹ̀ ẹ́, irun àti koríko kì í sì í fẹ́ kúrò lára fúlíìsì. Ẹni tó bá lo ohun ìtẹ́lẹ̀ oníwèé lè tẹ́ aṣọ funfun kékeré kan sí abẹ́ ibi tí wọ́n ti ń jẹ koríko, torí pé ibẹ̀ ni wọ́n ti sábà ń tọ̀ jù.

Àbẹ̀ní Ilé kọ̀wé pé:

Ẹ ṣeun púpọ̀, ẹ̀yin àgbà. Mo ti ń wá abala wáyà, ohun ìtẹ́lẹ̀ oníwèé ni n ó sì fi bẹ̀rẹ̀, pẹ̀lú aṣọ funfun tí Afínjú sọ. Mo lọ wo wọ́n lánàá. Nǹkan mẹ́ta ló rú mi lójú. Ọ̀kan nínú wọn tẹ orí ba sí abẹ́ ara rẹ̀, ó mú ìgbẹ́ ara rẹ̀ láti ìdí tààrà, ó sì ń jẹ ẹ́; àwọn ọmọ mi pariwo. Èkejì, koríko díẹ̀ tó wà níbẹ̀ kò jọ ohun tí wọ́n fọwọ́ kàn, àdàlù hóró yẹn nìkan ni wọ́n ń sáré sí. Ẹ̀kẹta, wọ́n ní ọ̀kan nínú wọn máa ń sín, wọ́n sì fi oògùn kan tó ṣẹ́ kù lára ti ọmọ wọn ránṣẹ́ sí mi, pé kí n máa fún un díẹ̀ bó bá tún bẹ̀rẹ̀.

Atọ́jú Ẹranko dáhùn pé:

N ó kọ́kọ́ mú ti oògùn. Ẹ má fún un. Púpọ̀ nínú oògùn apakòkòrò tí wọ́n ń fún ọmọdé jẹ́ ìran penicillin, amoxicillin náà sì wà nínú wọn. Bí ẹmọ́ òyìnbó bá gbé e mì, ó ń pa àwọn kòkòrò rere tó ń bá ìfun wọn lọ oúnjẹ, àwọn búburú a sì gba ibẹ̀, a máa da májèlé sínú ara, ẹranko náà sì lè kú láàárín ọjọ́ díẹ̀. Sísín ẹ̀ẹ̀kọ̀ọ̀kan lè jẹ́ ti eruku koríko tàbí ohun ìtẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n bí imú bá ń ṣàn, tí ojú ń ṣe ìpin, tàbí tí èémí ń dún, dókítà ni kó wò ó. Kí wọ́n tó dé, ẹ wá dókítà tó mọ̀ nípa ẹranko kéékèèké, nítorí kì í ṣe gbogbo wọn ló ń tọ́jú irú wọn. Ẹ jẹ́ kó yẹ̀ wọ́n wò pé abo ni wọ́n lóòótọ́. Àṣìmú pọ̀ lórí èyí, abo tó bá sì kọ́kọ́ lóyún lẹ́yìn oṣù méje lè má rí ọmọ bí láìṣiṣẹ́ abẹ, torí eegun ìdí rẹ̀ lè ti lẹ̀ pọ̀.

Ìgbẹ́ tí ẹ rí i tó ń jẹ kì í ṣe àìsàn. Oríṣi méjì ni wọ́n ń yà. Èyí tó le, tó rí bí hóró gígùn, ni ẹ óò máa gbá. Èkejì rọ̀, inú ìfun ńlá ni ó ti ń wá, fítámì B àti àwọn èròjà mìíràn tí wọn kò rí fà mu nígbà àkọ́kọ́ ló kún inú rẹ̀, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń mú un láti ìdí kó tó kan ilẹ̀. Ẹ má dí wọn lọ́wọ́.

Ní ti koríko, ẹ ṣa hóró òdòdó oòrùn àti àgbàdo kúrò nínú àdàlù náà láti ọjọ́ kìíní, kí ẹ wá máa fi pẹ́lẹ́ẹ̀tì tuntun rọ́pò ti àtijọ́ díẹ̀díẹ̀ fún bí ọ̀sẹ̀ kan sí méjì. Ìkún hóró ni kò jẹ́ kí wọ́n rí ti koríko rò; bí pẹ́lẹ́ẹ̀tì bá ti wá sí ṣíbí méjì, ojú wọn yóò yí sí i. Ẹ fi koríko sí ibi púpọ̀, ẹ ki díẹ̀ bọ inú páálí róbótó tí wọ́n ń ká bébà ìnùdí lé, ẹ sì da díẹ̀ sínú ibi ìsápamọ́sí wọn. Ẹ fi ewé tuntun kọ̀ọ̀kan kọ́ wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, kí ẹ lè mọ èyí tó bá ń mú wọn yàgbẹ́ gbuuru.

Ẹ ra òṣùwọ̀n ilé ìdáná, kí ẹ máa wọ̀n wọ́n lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ ní àkókò kan náà, kí àwọn ọmọ máa kọ iye rẹ̀ sílẹ̀. Wọ́n máa ń fi àìsàn pa mọ́ títí yóò fi wọ̀ wọ́n lára, òṣùwọ̀n ló sì máa ń kọ́kọ́ sọ òótọ́. Bí ọ̀kan bá fi 50 gíráàmù lọ sílẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ kan, ẹ máa ṣọ́ bó ṣe ń jẹun. Bí ó bá ń lọ sílẹ̀ sí i, ẹ gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà. Èyí tí kò bá fẹnu kan nǹkan kan láti àárọ̀ dé alẹ́, tàbí tí kò yàgbẹ́, ẹ má dúró di ọjọ́ kejì.